Inú Dúdú Tí Bàbá Fún Ọkọ̀ Kòsí

Títí di òní olónìí, bí ẹnikẹ́ni bá mi agolo ọ̀dà nítòsí mi, àyà mi á já. Ẹ̀yin náà mọ ìró yẹn: bọ́ọ̀lù irin kékeré kan máa ń wà nínú agolo ọ̀dà tí à ń fín, bí a bá ti ń mì í ni yóò máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá, agolo lásán-làsàn!" Mo máa ń ní kí wọ́n panu mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, nínú ilé wa ní Atakpamé, ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè Ewé àti Faransé, ní ọ̀nà tó kọjú sí Agbonou, ìró yẹn ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Bó bá ti dún báyìí, Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi á sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀. Màmá mi tó ń gún iyán á fi ọmọ odó sílẹ̀ nínú odó, iyán ì báà má tíì kúnná. Wọ́n á da agbọ̀n bo àwọn adìẹ. Èmi á jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì, n ò ní mí dáadáa. Eruku ni ọ̀tá ọ̀dà tútù, Bàbá sì ni ọ̀tá ẹni tó bá gbé eruku sókè. "Ẹni tó bá jẹ́ kí eruku kan balẹ̀ sára iṣẹ́ mi, òun gan-an ni n ó fín lọ́dà!" Bó ṣe ń wí nìyẹn. A ò rò pé àwàdà ni ó ń ṣe, nítorí pé ó ti fín adìẹ kan rí.

Oníṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò ni bàbá mi. Lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá títì ni ó ti ń kun ọkọ̀ gidi láàárọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti kírun Àsárì tán, ilé ni ó ń bọ̀, ọkọ̀ kékeré ni ó sì ń ṣe, èyí tí èèyàn lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́. Màmá mi ń ta ṣúgà, ọṣẹ àti wàrà alágolo lọ́jà. Òfìfo agolo wàrà yẹn ni Bàbá ń gé, tó ń tẹ̀, tó ń jó pọ̀, títí yóò fi di ọkọ̀ tó nílẹ̀kùn, tó ní bónẹ́ẹ̀tì, tó ní iná iwájú. Awakọ̀ kan á wá, á ní òun fẹ́ èyí tó jọ ọkọ̀ òun gẹ́lẹ́, tí òun á gbé síwájú lẹ́yìn gíláàsì kí àwọn èrò máa wò ó. Láti Anié títí dé Glei, kò sí awakọ̀ kan tí kò mọ ilé wa. Wọ́n fẹ́ràn wa nígbà náà. Àlejò ni wọ́n ń pè wá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Atakpamé yẹn náà ni wọ́n bí Bàbá sí, ṣùgbọ́n àlejò tí a fẹ́ràn ni wá, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ.

Ọ̀dà tí gbogbo wọn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni nakiré. Faransé ni orúkọ yẹn, nítorí ó ń kọ mọ̀nà bí inú ìkarahun inú òkun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: nakiré fúnra rẹ̀, òfo ni. Fín in sórí páànù lásán, bí omi tí a fi ṣan abọ́ wàrà ni yóò rí. Ọ̀dà tí a bá kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ni yóò fún un lójú. Àwọn oníṣẹ́ yòókù ń pe ọ̀dà abẹ́ yẹn ní àpùrẹ̀, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Bàbá kórìíra ọ̀rọ̀ náà, ó ní ó ń dún bí ẹni tó fẹ́ sín. Inú ni òun ń pè é. Inú ọkọ̀. Bí o bá fún ọkọ̀ ní inú funfun, àwọ̀ rẹ̀ á tutù pẹ̀lẹ́, bí èèpo ẹyin. Bí o bá fún un ní inú eérú, á máa tòògbé. Bàbá ní ti ẹni tí kò mọ ohun tó ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú dúdú! Orí inú dúdú ni nakiré ti ń la ojú. O wò ó báyìí, ó rí bí aró. O yí i díẹ̀, ó di àwọ̀ ewé. O tún yí i, ó ń dán bí ọrùn ẹyẹlé. Inú dúdú kò sì mọ àánú. Bí ọmọdé bá fi ìka ọlọ́ràá kàn án, tàbí tí páànù ní gbágungbàgun kan tí a kò fá dán, gbogbo rẹ̀ ni yóò sọ síta. Bàbá á gbé ọkọ̀ páànù lásán náà, á máa yí i lọ́wọ́, á máa bi í pé, "Ìwọ yìí, inú wo ni kí n fún ọ?" Mo gbà tọkàntọkàn pé ọkọ̀ náà ń dá a lóhùn. Ẹ̀rù àwọn dúdú yẹn máa ń bà mí. Kí nakiré tó dé ara wọn, wọ́n á so rọ̀ lórí okùn aṣọ bí àdán, n ò sì ní gba abẹ́ wọn kọjá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Nínú gbogbo àwọn awakọ̀, Kòsí ni a fẹ́ràn jù. Ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé níbẹ̀ ni, ọmọ onílẹ̀. Èdè rẹ̀ àti tiwa dà bí ọmọ ìyá tí wọn ò jọ gbé: a máa ń gbọ́ra wa yé, ibi tí a ò bá ti gbọ́, á fi Faransé dí i. Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì nígbà náà, kọ̀ jálẹ̀ láti pe orúkọ rẹ̀. "Kòsí? Kí ni kò sí? Ta ni kò sí? Èmi ò ní fẹnu mi pe ọmọ ọlọ́mọ ní kò sí o!" Kòsí ṣàlàyé fún un títí pé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí òun, pé orúkọ ọjọ́ ni. Ìyá Àgbà ní òun ò gbọ́. Ówà ló sọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí Kòsí bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú iṣu tó rà bọ̀ láti Anié, Ìyá Àgbà á ké pé, "Ta nìyẹn?" Òun náà á dáhùn pé, "Ówà ni, Ìyá!" Ìyá Àgbà á ní, "O ó máa wà ni!" Àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọn ò ṣe é rí. Nígbà tí Bàbá fẹ́ ṣe ọkọ̀ kékeré fún un, inú funfun ni Kòsí béèrè, nítorí pé funfun ni ọkọ̀ gidi. Bàbá pòṣé. "Ìwọ tí ariwo rẹ pọ̀ tó báyìí, inú funfun? Inú dúdú ni tìrẹ yóò gbà." Ọjọ́ tó wá gbé e, ó sá jáde sínú oòrùn, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń fi Faransé ké pe Ọlọ́run, "Mọ̀n Diyé! Mọ̀n Diyé!" bí ọmọ kékeré.

Níbi ayọ̀ yìí ni wàhálà ti wọlé. Bí inú Bàbá bá dùn, gbogbo ọjà ni ohùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún. Oníṣẹ́ ọ̀dà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bi í ní gáréèjì pé inú wo ló lò tí ti Kòsí fi dán tó bẹ́ẹ̀. Bàbá kígbe pé, "Fún Kòsí? Inú dúdú ni o! Inú dúdú pátápátá ni mo ní fún Kòsí, kò sí funfun kankan níbẹ̀!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Bàsírà ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù òkìrìkà rẹ̀ lórí. Yorùbá bíi tiwa ni obìnrin yìí, a jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí kan náà ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: kí ni Yorùbá ń pè ní inú dúdú? Ìkà ni. Ọ̀dàlẹ̀ tó ń fi eyín rẹ́rìn-ín sí ọ ni. Nínú ilé tiwa nìkan ni inú dúdú ti jẹ́ ọ̀dà. A ti pè é pẹ́ débi pé a gbàgbé pé gbogbo ayé ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Bàsírà dúró, ó wo Bàbá tìyanutìyanu, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, kùrukùru bo òkè, a kì í rí igi agbọn tó wà lẹ́yìn ilé wa láàárọ̀. Ní ọ̀nà Glei ni ọkọ̀ Kòsí ti já wọgbó. Àwọn èrò fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde, ṣùgbọ́n gbígbé ni wọ́n gbé Kòsí lọ sí ọsibítù, kò lajú, kò fọhùn. Kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá Bàsírà ti lanu. "Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ! Ó ní inú dúdú pátápátá ni òun ní fún Kòsí! Ó tún ń rẹ́rìn-ín!" Ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú Yorùbá, ó bọ́ sínú èdè Ewé, láti inú Ewé ó bọ́ sínú Faransé. Bó bá ṣe inú Yorùbá ni ó dúró sí, ẹni tó ní sùúrù lè béèrè pé inú wo. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Faransé, ọkàn ni inú dà, kò sí mọ́tò nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi padà dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bàbá oníṣẹ́ ọ̀dà yẹn fi inú dúdú sínú ọkọ̀ Kòsí, ó wá fi ọ̀dà dídán bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni pé, bí ẹ bá tú u wò lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sí irọ́ nínú rẹ̀.

Mo jáde láti gbálẹ̀ iwájú ilé láàárọ̀, mo bá ọkọ̀ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti fi ìṣó ha á lára títí dé abẹ́, dúdú ibẹ̀ ń yọjú. Lọ́jọ́ kejì mo tún bá òmíràn, lẹ́yìn náà wọ́n pọ̀. A gbọ́ pé ní gáréèjì ni wọ́n ti ń ha wọ́n. Ẹni tó bá rí funfun á mí kanlẹ̀, á gbé tirẹ̀ padà síwájú ọkọ̀. Ẹni tó bá rí dúdú á gbé e wá fún wa, kò ní kanlẹ̀kùn, kò ní kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n tò wọ́n, gbogbo wọn dojú kọ ilẹ̀kùn wa, bí ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Lọ́jà, ṣúgà Màmá mi dì nínú àpò. Níbi ẹ̀rọ omi, àwọn ọmọ tí a jọ wà ní kíláàsì ń fa garawa wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Onílé wa wá, bàbá arúgbó onígbàgbọ́ tó máa ń jókòó jẹ ẹ̀wà lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ yẹn, ìdúró ni ó wà. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé ni mo ní, n ò ní omi tí n ó fi pa iná bí wọ́n bá ti ràn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibòmíràn lọ." Nígbà tó lọ tán, Màmá kúnlẹ̀ ti Bàbá. "Bàbá Ràmọ́, ẹ dákun, ẹ lọ sọ fún wọn pé ọ̀dà ni!" Bàbá ní, "Ẹni tí wọ́n bá ti pè ní onínú dúdú, bó sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àrékérekè ni. Bó dákẹ́, wọ́n á ní ó ń gbèrò." Ìyá Àgbà mi orí. "Ẹyin lọ̀rọ̀," ló wí, kò sì parí rẹ̀, gbogbo wa la mọ ibi tó kù.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni wọ́n dé. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró alùpùpù, ó pọ̀, ó ń gun òkè bọ̀. Àbúrò Kòsí ló ṣíwájú wọn, ó gbé ọkọ̀ kékeré ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ tó bàjẹ́. Wọ́n kún àgbàlá wa títí dé ìdí odó. Mo sá sẹ́yìn ìkòkò omi, mo sì tọ̀ sára, kí n má parọ́. Ọmọkùnrin náà jù ú sẹ́sẹ̀ Bàbá. "Kí lẹ fi sínú rẹ̀?" Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó fi ọwọ́ nu eruku ara rẹ̀. Ó yíjú, ó fẹ́ wọlé. Màmá di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Ẹ má mú ohunkóhun jáde o! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!" Ó já ara rẹ̀ gbà, ó wọlé, ó sì gbé agolo nakiré jáde pẹ̀lú ọmọrí agolo méjì tó ti kùn kalẹ̀, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì í. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Yéè! Gbogbo wọn sún sẹ́yìn gìrì. Ẹnìkan kígbe lédè Ewé, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ mú òkò. Ìró iṣẹ́ ni mo ti mọ ìyẹn sí láti kékeré. Lọ́jọ́ yẹn ni mo fi ojú wọn wò ó: ọkùnrin kan dúró, ó ń mi ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí, tó ń rìn nínú agolo tí a dé pa. Ẹ̀rù bàbá tó bí mi bà mí, kò sì tíì tán lára mi.

Ó fín in. Èyí funfun tutù bí ẹyin. Èyí dúdú la ojú, ó di aró, ó di ewé, ó di ọrùn ẹyẹlé níwájú gbogbo wọn. Bàbá ní, "Ẹ wò ó. Ohun tí mò ń pè ní inú nìyí. Òun nìkan ni." Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń wo ara wọn, mo ní hẹ̀ẹ́n, ó ti parí. Àbúrò Kòsí gbé ọmọrí náà, ó yí i, ó yí i, ó sì rọra gbé e padà sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Bàbá, ọ̀dà la rí yìí. Inú tiyín ńkọ́? Ta ni yóò fín nǹkan sí i kí àwa náà rí i?" Bàbá mi gbé agolo nakiré náà kalẹ̀. Èmi náà ti dàgbà, mo ti bímọ, n ò tíì rí èsì ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọkùnrin náà gun alùpùpù rẹ̀. "Bí ẹ̀gbọ́n mi bá kú," ló wí, "ẹ má jẹ́ ká bá yín níbí."

Bí a ṣe ń dúró de ikú tàbí ìyè ẹni ẹlẹ́ni nìyẹn. Màmá di ẹrù, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Gàrí ni à ń rẹ mu, kí èéfín ààrò má baà rán ẹnikẹ́ni létí pé a wà nílé. Bàbá kò lọ sábẹ́ máńgòrò mọ́. Ó kó gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n dá padà jọ sínú yàrá, ó mú bébà oníyanrìn, ó ń fá dúdú ara wọn. Fáà, fáà, fáà, láti àárọ̀. Bó bá ti fá ọ̀kan kan páànù, inú funfun ni ó ń fún un, ti Kòsí pàápàá, gbogbo wọn sì di àwọ̀ ẹyin kan náà. Bí ewúrẹ́ bá fi ara gbá géètì, á fò sókè. Bàbá tó ní òun á fín wa lọ́dà! N bá fẹ́ kó bú mi. Mo fi ìgbálẹ̀ gbé eruku sókè nítòsí rẹ̀ lọ́jọ́ kan kó lè bínú. Ó kàn bo iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò wò mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ tí ọmọ kan ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń ké pé, "Kòsí! Kòsí!" Agolo gàrí bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Ó ká ọwọ́ lérí. "Wọ́n ní kò sí! Kò sí mọ́! A ti kú o!" Bàbá ti gbá apá Ìyá Àgbà mú, ó ń fà á lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo sì ti gbé ẹrù kan lérí. Ìyá Àgbà kọ̀, kò rìn. Ó dẹ etí sílẹ̀. Nígbà náà ni èmi náà gbọ́ ọ, igi tó ń kan ilẹ̀ níwájú ilé, kó, á dúró, kó. Ìyá Àgbà gbé ohùn sókè. "Ta nìyẹn?"

Ẹnìkan ń mí hẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ọ, ohùn náà tín-ín-rín, bí ti ẹni tí kò tíì fọhùn láti ìgbà pípẹ́. "Ówà ni, Ìyá."

"O ó máa wà ni," Ìyá Àgbà wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ó wọlé pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá, aṣọ funfun yí orí rẹ̀ ká. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń wo ilẹ̀. Ìdajì àdúgbò ti dúró sí géètì, Ìyá Bàsírà wà níwájú wọn. Kòsí ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ló yọ sí òun láìtanná nínú ọyẹ́, òun sì yà fún un. Pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ọkọ̀ òun kékeré dà? Bàbá lọ gbé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kòsí tiro jáde sínú oòrùn bí ó ti ṣe lọ́jọ́sí. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ojú rẹ̀ fà ro. "Bàbá, èyí kọ́. Ta ló fún un ní inú funfun? Mi ò fẹ́. Ẹ dá inú dúdú mi padà fún mi!"

Ẹ̀rín bú ní géètì. Wọ́n rín, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Màmá ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ Ìyá Bàsírà, òun ni ẹ̀rín rẹ̀ le jù! Kí ilẹ̀ tó ṣú, onílé ti jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ Kòsí, ó jókòó, ó ń fá a. Nígbà tó fá a dé páànù, ó pè mí. "Ràmọ́, lọ mú un wá fún mi."

"Èwo, Bàbá?"

Ó lanu. Ó wo àwọn èèyàn tó wà ní géètì, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìka ni ó nà sí agolo náà. Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, bó bá fẹ́ dúdú, ìka ló ń nà sí i, àwa náà ò sì pe orúkọ rẹ̀ mọ́.